Bí Ojú Òṣèré Ṣe Ń Dé Inú Fíìmù Ńlá

Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2014, fídíò ìpolówó àkọ́kọ́ fún fíìmù Star Wars: The Force Awakens jáde. Ojú àkọ́kọ́ tí ayé rí nínú rẹ̀ ni ojú ọmọ Yorùbá. Aginjù lásán ni kámẹ́rà ń fi hàn, àfi bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ aṣọ ogun funfun ṣe yọ lójijì, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí òógùn bo ojú rẹ̀. John Boyega ni. Adégbóyèga ni orúkọ ìdílé rẹ̀ ní kíkún. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní 1992, Nàìjíríà sì ni àwọn òbí rẹ̀ ti lọ síbẹ̀. Kò pẹ́ tí fídíò náà jáde tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé báwo ni ọmọ ogun inú Star Wars yóò ṣe jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Èsì tí Boyega fún wọn kò gùn: kí wọ́n yáa jẹ́ kó mọ́ wọn lára.

Ojú yẹn kò ṣèèṣì débẹ̀. Nǹkan bí oṣù méje ni wọ́n fi ń pè é, tí wọ́n ń ní kó máa lọ ná, tí wọ́n tún ń pè é padà, kí wọ́n tó sọ fún un pé òun ló ni ipa Finn. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é: àwọn tó ń yan òṣèré, ohun tí wọ́n ń wò, owó tó ń tì wọ́n láti ẹ̀yìn, àti ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí òṣèré lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yàn án tán. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń jà lé lórí nígbà tí fíìmù bá jáde, wọ́n ti parí rẹ̀ ní ọdún kan tàbí méjì ṣáájú, nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò sí.

Orí ìwé eré ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Olùdarí fíìmù ńlá kì í dá wá òṣèré fúnra rẹ̀. Ó máa ń gba aṣàwárí òṣèré, ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó mọ òṣèré: èyí tó ti lókìkí, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ìwé eré, èyí tó wà lórí ìtàgé ní ìlú kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀. Aṣàwárí yìí yóò ka ìwé eré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò sì kọ àpèjúwe ipa kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin: ọjọ́ orí, ìṣesí, irú ohùn, bóyá ó gbọ́dọ̀ mọ ẹṣin gùn tàbí kó mọ idà lò. Àpèjúwe yẹn ni yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn aṣojú òṣèré, ìyẹn àwọn tó ń bá òṣèré wáṣẹ́ tí wọ́n sì máa ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó rẹ̀.

Ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹni tí a ó rí àti ẹni tí a kò ní rí ti ń bẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Hollywood, bí wọn kò bá kọ àwọ̀ ara sínú àpèjúwe ipa, òyìnbó ni ọkàn gbogbo ènìyàn máa ń lọ sí. Dókítà, adájọ́, awakọ̀ òfurufú, ìyá tó ń sin ọmọ lọ sílé-ìwé: wọn kò sọ pé kí aláwọ̀ dúdú má wá, wọn kàn kò rántí láti pè é ni. Ìgbà tí ipa náà bá jẹ́ ti olè tàbí ti ẹrú ni wọ́n tó máa ń kọ àwọ̀ sí i. Aṣàwárí tó bá mọ ohun tó ń ṣe lè fi gbólóhùn kan yí gbogbo èyí padà, bó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yà yòówù lè wá. Mo ka gbólóhùn kan yẹn sí ohun tó wúlò ju ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ dídùn tí wọ́n ń sọ níbi àmì-ẹ̀yẹ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò tí àwọn òṣèré ń pè ní ọ̀díṣọ̀n. Láti ìgbà àrùn Kòrónà ní 2020, ìpele àkọ́kọ́ ti di ti orí fóònù: òṣèré yóò ya ara rẹ̀ nílé, yóò sì fi fídíò náà ránṣẹ́. Èyí ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ Èkó tàbí ọmọ Kùtọ́nù tí kò ní físà, ṣùgbọ́n ó tún mú kí fídíò pọ̀ lápọ̀jù níwájú àwọn tó ń wò ó, tó fi jẹ́ pé òṣèré tí kò bá mú wọn lọ́kàn láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lè má rí ẹni wo èyí tó kù. Àwọn tó bá yege yóò padà wá síwájú olùdarí. Bí ipa náà bá ní ẹnìkejì, wọn yóò da òṣèré méjì pọ̀ láti mọ̀ bóyá wọ́n bá ara wọn mu, nítorí òṣèré méjì lè dára lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí eré wọn sì tẹ́ bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ nígbà tí wọ́n bá pàdé. Ìpele tó kẹ́yìn ni ìdánwò níwájú kámẹ́rà gidi, pẹ̀lú aṣọ eré àti iná. Kí òṣèré tó wọlé fún ìyẹn, wọ́n sábà máa ń ní kó ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó sọ iye tí yóò gbà àti iye fíìmù mìíràn tí yóò tún ṣe bí àkọ́kọ́ bá tà. Ìwé àdéhùn yìí ṣe pàtàkì. Òun ló ń so ọ̀dọ́ òṣèré mọ́ ìtàn tí wọn kò tíì kọ tán, tí kò sì lè mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi òun ṣe nínú rẹ̀.

Ní ti Boyega, olùdarí J.J. Abrams ti wo fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, Attack the Block ti 2011, níbi tó ti ṣe Moses, ọmọkùnrin kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù tó ń bá àwọn ẹ̀dá àjèjì láti òfurufú jà. Orí ìyẹn ni ìdánwò oṣù méje náà dúró lé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014 ni wọ́n kéde orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ti Daisy Ridley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ rí. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè fò dá: Ridley fi ohùn àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ ṣeré, ṣùgbọ́n Boyega, tí òun náà jẹ́ ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, ohùn Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí owó, nítorí òun ló ń sọ̀rọ̀ jù nínú yàrá yẹn. Ká ní fíìmù kan gba mílíọ̀nù 200 dọ́là láti yà. Gbọ̀ngàn sinimá ń mú nǹkan bí ìdajì nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì, ìpolówó kárí ayé sì tún lè gba mílíọ̀nù 100 lọ́tọ̀. Bí fíìmù náà bá pa mílíọ̀nù 400, ẹni tó náwó lè má tíì rí èrè kankan. Nítorí ẹ̀rù yìí ni àwọn olówó fi máa ń bèèrè ìbéèrè kan ṣáá: ta ni ayé mọ̀ nínú àwọn òṣèré yìí? Ní 2014 kan náà, wọ́n bi olùdarí Ridley Scott léèrè ìdí tó fi fi òyìnbó Christian Bale ṣe Mósè nínú Exodus: Gods and Kings, tó sì fi òyìnbó mìíràn ṣe Fáráò. Ó fèsì láìfi bò pé òun kò lè rí irú owó bẹ́ẹ̀ gbà bí òun bá lọ sọ fún àwọn olówó pé òṣèré kan tó ń jẹ́ Mohammad láti ibi báyìí ni yóò ṣe olórí ipa. Òtítọ́ ọjà bó ṣe rí lójú rẹ̀ nígbà yẹn ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọjà náà ṣe lọ. Fíìmù náà gba nǹkan bí mílíọ̀nù 140 dọ́là, ó sì pa nǹkan bí mílíọ̀nù 268 kárí ayé. Bí ẹ bá yọ ìdajì ti gbọ̀ngàn sinimá kúrò, ẹ̀yin náà lè ṣírò èyí tó kù. Íjíbítì, níbi tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, fòfin de fíìmù náà. Orúkọ ńlá kò gbà á.

Ní ọdún kan lẹ́yìn náà, The Force Awakens, tí àwọn tí wọn kò lórúkọ gbé olórí ipa rẹ̀, pa ju bílíọ̀nù méjì dọ́là lọ. Òótọ́ ni pé àwọn àgbà òṣèré Star Wars bíi Harrison Ford wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí àwọn ènìyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì nítorí rẹ̀ ni orúkọ Star Wars fúnra rẹ̀. Ibi tí ayé fíìmù ńlá ti yí padà nìyí, ìyípadà náà sì ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ wa: láyé àtijọ́, òṣèré ló ń ta fíìmù, lóde òní, àkọlé àti ẹ̀dá ìtàn tí ayé ti mọ̀ ló ń tà á, bíi Batman, Spider-Man àti Jurassic Park. Bí àkọlé bá ti gbé ẹrù owó, òṣèré tí kò lókìkí kò tún jẹ́ ewu mọ́. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ojú rẹ̀ jẹ́ tuntun, ó sì lè jẹ́ láti ẹ̀yà èyíkéyìí. Mo gbà pé ìdí yìí wà lára ohun tó ṣí ilẹ̀kùn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí ọkàn ni àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn òǹwòran náà tún ti ń yí padà. Ju ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá àwọn ará Amẹ́ríkà lọ ni kì í ṣe òyìnbó, wọ́n sì ń lọ sí sinimá dáadáa. Ìwádìí tí Yunifásítì UCLA ń ṣe lọ́dọọdún láti 2014 ń padà sọ ohun kan náà: fíìmù tí àwọn òṣèré rẹ̀ jọ àwọn ará ìlú máa ń pawó ju èyí tí ẹ̀yà kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ kún inú rẹ̀ lọ.

Black Panther ti 2018 ló fi èdìdì di èyí. Nǹkan bí mílíọ̀nù 200 dọ́là ni wọ́n ná, ó sì pa ju bílíọ̀nù 1.3 lọ, pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ dúdú tó kún inú rẹ̀ láti ọba dé ẹ̀ṣọ́. Àwọn ènìyàn sábà máa ń ka iye owó náà kí wọ́n sì dúró síbẹ̀. Èmi a máa wo ohun kékeré kan tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Chadwick Boseman, tó ṣe T'Challa, kọ̀ láti fi ohùn òyìnbó ṣe ọba ilẹ̀ Áfíríkà. John Kani, àgbà òṣèré láti Gúúsù Áfíríkà tó ṣe bàbá rẹ̀ nínú fíìmù Captain America: Civil War ti 2016, ló gbé èdè Xhosa wọ inú eré náà, báyìí ni Xhosa ṣe di èdè Wakanda, ìlú tí ìtàn Black Panther ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti yan ojú tán kí ọ̀rọ̀ ohùn tó dé, àwọn òṣèré fúnra wọn ló sì jà fún un. Nínú àmì-ẹ̀yẹ Oscar mẹ́ta tí fíìmù náà gbà, méjì lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú: Ruth E. Carter tó ṣe aṣọ, àti Hannah Beachler tó ṣètò ìrísí ìlú náà. Bí ẹ̀yìn kámẹ́rà bá kún fún àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ojú iwájú kámẹ́rà á rọrùn láti gbà gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Boyega, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn yíyàn ni apá tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Nígbà ìpolówó fíìmù àkọ́kọ́, òun ni wọ́n gbé idà iná lé lọ́wọ́ nínú póstà, bí ẹni pé òun ni akọni tí a ó máa tẹ̀ lé. Bí fíìmù ṣe jáde, a rí i pé Rey, ipa tí Daisy Ridley ṣe, ni akọni náà. Ìyẹn kò burú. Ìtàn lè yí bó ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí póstà ti Ṣáínà jáde, wọ́n ti sọ àwòrán Boyega di kékeré, òṣèré Oscar Isaac kò sì sí níbẹ̀ mọ́ rárá. Lupita Nyong'o, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Oscar ní ọdún tó ṣáájú, wà nínú fíìmù kan náà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ya ẹ̀dá mìíràn bo ojú rẹ̀. Nínú fíìmù kejì, ní 2017, wọ́n rán Finn lọ sí ìrìn àjò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kò yí ìtàn padà. Nínú ìkẹta, ní 2019, ó fẹ́ẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì kan fún Rey níbi tí iyẹ̀pẹ̀ ti ń gbé wọn mì, fíìmù sì parí láìsọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún òǹwòran. Kelly Marie Tran, òṣèrébìnrin tó dara pọ̀ mọ́ wọn nínú fíìmù kejì, tí òbí rẹ̀ wá láti Vietnam, tún rí jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn èèyànkéèyàn fi èébú lé e kúrò lórí Instagram ní 2018, nígbà tí fíìmù ìkẹta sì jáde, ipa rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, Boyega sọ ọ́ síta nínú ìwé ìròyìn GQ ti ilẹ̀ Britain. Ó ní kò yẹ kí Disney, ilé-iṣẹ́ tó ni Star Wars, polówó ọmọ dúdú bí ẹni pàtàkì nínú ìtàn kí wọ́n sì wá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́, ó sì kọ́ wa bí a ṣe lè wọn nǹkan yìí. Ká má ka iye ojú dúdú tó wà lórí póstà. Ká bèèrè pé: ta ló ń ṣe ìpinnu nínú ìtàn yìí? Bí a bá yọ ẹni yìí kúrò, ṣé ìtàn ṣì lè rìn? Ṣé ó ní ilé, ó ní ẹbí, ó ní ohun tó ń fẹ́ fún ara rẹ̀, àbí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ lọ? Finn yege ìbéèrè wọ̀nyí dáadáa nínú fíìmù àkọ́kọ́, nítorí ìpinnu rẹ̀ láti sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ogun ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìtàn náà. Nígbà tó fi máa di fíìmù kẹta, kò yege mọ́.

Fíìmù ńlá mìíràn tí Boyega ṣe kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n: The Woman King, ti 2022. Ìtàn àwọn obìnrin jagunjagun Dàhọ̀mì ni, Gina Prince-Bythewood ló darí rẹ̀, Viola Davis ló ṣe ọ̀gágun wọn. Láti 2015 ni òṣèré Maria Bello ti gbé ìtàn náà tọ Davis lọ lẹ́yìn tó lọ sí orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Dàhọ̀mì wà, ọdún méje gbáko kó tó dé sinimá, nítorí àwọn olówó kò gbà pé àwọn obìnrin adúláwọ̀ lè gbé fíìmù ogun. Àfìgbà tí Black Panther pawó kí ọ̀nà tó là. Àádọ́ta mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ná sí i, ó sì pa nǹkan bí mílíọ̀nù 97. Inú mi dùn gan-an sí bí wọ́n ṣe ya àwọn obìnrin náà, pẹ̀lú àwọ̀ wọn bó ṣe dú tó, pẹ̀lú àpá ara wọn.

Ṣùgbọ́n ta ni ọ̀tá inú fíìmù náà? Ọ̀yọ́ ni. Jimmy Odukoya, ọmọ Nàìjíríà, ló ṣe olórí ogun Ọ̀yọ́, Boyega sì ṣe Gézò, ọba Dàhọ̀mì. Òótọ́ ni pé Dàhọ̀mì san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òótọ́ sì ni pé Gézò já ara rẹ̀ gbà ní 1823, ọdún tí wọ́n gbé ìtàn náà kà. Ohun tí fíìmù náà kò jẹ́ kó hàn tó ni pé Gézò ṣì ń ta ẹrú fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àti pé òun ló kó ogun wá ja Abẹ́òkúta ní 1851, pẹ̀lú àwọn obìnrin jagunjagun yẹn kan náà, tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Fún aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà tó wọlé lọ wo fíìmù náà, ara rẹ̀ ló rí, ó sì wú u lórí. Fún ọmọ Ẹ̀gbá tó mọ ìtàn ilé rẹ̀, ojú tí wọ́n fi hàn án yàtọ̀ sí ìyẹn. Ó yẹ kí àwọn tó ń ṣe fíìmù mọ̀ pé Áfíríkà kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n lè fún ní ipa kan kí gbogbo wa sì dúpẹ́.

Ní ilé wa níbí, Fúnkẹ́ Akíndélé, òṣèré àti olùgbéjáde fíìmù, mọ ìṣirò ojú àti owó yìí dáadáa. Nínú fíìmù rẹ̀ A Tribe Called Judah, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìyá kan bí ọmọkùnrin márùn-ún fún bàbá márùn-ún tí ẹ̀yà wọn yàtọ̀ síra: Ìbò, Hausa, Ìjọ, Urhobo àti Yorùbá. Jide Kene Achufusi, Uzee Usman, Timini Egbuson, Olumide Oworu àti Tóbi Mákindé ni wọ́n ṣe àwọn ọmọ náà. Kò sí ìlú ńlá kan ní Nàìjíríà tí ẹnì kan kò ní rí ara rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn òṣèré yìí sì ní àwọn olólùfẹ́ tirẹ̀. Kò pé oṣù kan tí fíìmù náà fi pa bílíọ̀nù kan náírà ní sinimá, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú fíìmù Nàìjíríà. Ohun tó jẹ́ kí ìṣirò náà dùn-ún wò ni pé ẹ̀yà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nínú ìtàn yẹn. Àìsàn ìyá wọn ló kó àwọn ọmọ náà jọ, olúkúlùkù sì ní ìwà tirẹ̀ àti ìjà tirẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn olùgbéjáde tó ń kó àwọn aláwàdà orí íntánẹ́ẹ̀tì sínú fíìmù nítorí iye àwọn tó ń tẹ̀ lé wọn wo èyí dáadáa. Ẹni tó ń tẹ̀ lé ènìyàn lórí fóònù lè má sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, bó bá sì san án, eré ló fẹ́ wò.

Ohun kan ló kù, òun sì ló wà lọ́wọ́ wa. Ọjọ́ Jímọ̀ ni fíìmù tuntun sábà máa ń wọ gbọ̀ngàn sinimá. Owó tó bá wọlé láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni àwọn oní-gbọ̀ngàn máa ń wò láti mọ iye ìgbà tí wọn yóò máa fi í hàn lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, iye yẹn kan náà sì ni àwọn olówó ń gbé kalẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn bá mú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wá. Fíìmù tí ẹ sọ pé ẹ ó wò nígbà tó bá dé orí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí nínú ìṣirò yẹn. Bí òṣèré kan bá wà tí ẹ fẹ́ kí wọ́n tún fún ní ipa gidi, tàbí ìtàn kan tí ẹ fẹ́ kí wọ́n tún ya irú rẹ̀, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó bá kọ́kọ́ jáde, kí ọjọ́ Ajé tó mọ́.